Ìyá Mi Wà Nísàlẹ̀ Òkè, Èmi Wà Létí Adágún

Mo ti ka ìtàn àwọn obìnrin tó ń sunkún nínú ìwé ìròyìn yìí, tí gbogbo wọn á ní iṣẹ́ Èṣù ni. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Èṣù ò sí nílé wa lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Èmi ni mo wà nílé.

Aluoch ni orúkọ mi. Ọmọ Luo ni mí, láti Siaya ní Kẹ́ńyà, ṣùgbọ́n Kigali, ní Rwanda, ni èmi àti Ogola ọkọ mi ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnjiníà ọ̀nà ni Ogola. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló gba ilé fún wa lórí òkè, ilé olódòdó tó ní fèrèsé gbàràmù-gbaramu. Àwọn náà ló ń san owó ilé ìwé Hawi, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó wà nílé ìwé ní Kisumu, ní Kẹ́ńyà.

Ayé dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwa tọkọtaya ọmọ Kẹ́ńyà tó wà níbẹ̀ kì í fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣòfò. Lónìí a ó lọ wo erin ní Akagera, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó lọ jókòó sínú oko tíì ní Nyungwe. Tí ìsinmi bá dé, Zanzibar ni, tàbí Dubai. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń yà ní fọ́tò, tí màá sì gbé e jáde kí àwọn ará ilé lè rí i kí wọ́n sì mí kanlẹ̀.

Tí a bá lọ sílé ní Kérésìmesì, òtẹ́ẹ̀lì ní Kisumu la máa ń dé sí. Màá lọ kí ìyá mi lábúlé, màá jókòó sórí àga tó bá mọ́ jù, màá fún un ní aṣọ ìró tuntun, kí oòrùn tó wọ̀ mo ti padà. "Ẹ̀fọn pọ̀ níbí, Màmá," ni mo máa ń wí. Ẹ̀fọn tó jẹ mí títí mo fi dàgbà ni mò ń sá fún.

Domitila ni orúkọ ìyá mi. Omena ló ń tà, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sá sórí àwọ̀n létí omi. Ẹja yẹn ló fi rán mi níwèé.

Lọ́dún tó kọjá, Odera àbúrò mi pè mí.

"Màmá ò lè sùn mọ́," ó ní. "Tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, èémí wọn á há. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, omi ń jáde lára ẹ̀. Dókítà ní ọkàn wọn ni. Wọ́n ní ilé ìwòsàn tó mọ̀ nípa ọkàn wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀."

"Ṣé kò sí ní Nairobi ni?"

"Ta la ní ní Nairobi? Ẹ̀yin lẹ wà ní Kigali, ẹ̀gbọ́n mi."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì, ó gba Kampala kọjá, ó jókòó sójú kan tòru-tọ̀sán pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ọjọ́bọ̀ ló dé. Mo ti sọ fún Odera pé ọjọ́ Àìkú ni kó wá, Odera ní ara wọn ò lè dúró dìgbà yẹn.

Ẹ wá wò ó, ọjọ́ Jímọ̀ làwa obìnrin fẹ́ lọ sí adágún Kivu fún ọjọ́ ìbí Nyokabi. Ìyàwó ọ̀gá báńkì kan ni Nyokabi. Tó bá pe èèyàn síbi àríyá, èèyàn ti gòkè nìyẹn. Tí kò bá pè ọ́ mọ́, o ti di ẹni ilẹ̀. Èmi ni mo sì ń ṣètò ìrìn àjò náà, òtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú omi, àti ẹja yíyan.

Òun àti àwọn ìyàwó méjì kan wà ní pálọ̀ mi nígbà tí ìyá mi wọlé. Ó so àpò omena mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ. Òórùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ orí kápẹ́ẹ̀tì funfun mi, ibi tó bá sì fẹsẹ̀ sí ń tutù.

Nyokabi wò mí. "Aluoch, ta nìyí? Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun ni? Ó mà ti dàgbà jù."

Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ará abúlé wa ni," mo ní. "Ó wá gba ìtọ́jú níbí. A kàn ń ràn án lọ́wọ́."

Ìyá mi rí i pé òun là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rò pé mò ń fi òun hàn wọ́n ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní lédè wa pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ẹbí fún ọmọ mi nílẹ̀ àjèjì."

"Kí ló sọ?" Nyokabi bi mí.

"Ó ní ẹ kú ìjókòó."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi aṣọ nu kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun nù ún. Mo ń ro ọ̀la. Mo mọ̀ pé bí ìyá mi bá sùn nílé wa, èmi ni màá sùn tì í, Kivu sì ti bọ́ nìyẹn. Nyokabi á mú ẹlòmíràn dípò mi. Ibẹ̀ ni èèyàn burúkú tó wà nínú mi ti rántí èèwọ̀.

Láàárín àwa Luo, ìyá ìyàwó kì í sùn sábẹ́ òrùlé ọkọ ọmọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn ṣeré, wọn kì í bọra wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọ síra wọn, ẹnu ìyàwó ló ń gbà kọjá. Ẹnu tèmi nìyẹn.

"Màmá," mo ní, "ẹ mọ èèwọ̀ wa."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọkọ rẹ á lọ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn ará ìlú ńlá ṣe ń ṣe é báyìí. Bí ọkọ ọmọ Akeyo aládùúgbò wa ṣe ṣe fún un nìyẹn."

"Ogola ò gbà. Ó ní òun ò lè fi ilé òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tí ẹ bá sùn síbí, èèwọ̀ náà á mú Hawi."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ ọmọ yẹn ni mo mọ̀ pé kò ní lè bá mi jiyàn lé lórí, ìdí tí mo fi dárúkọ ọmọ nìyẹn.

"Hawi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mú mi kúrò níbí, Aluoch. Mú mi kúrò kíá."

Ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo kó o tẹ̀ lé e.

Nísàlẹ̀ òkè wa, ilé àlejò kékeré kan wà tó jẹ́ ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Béatha. Mo gba yàrá kan fún ìyá mi níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Mo fi omena rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ogola wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Màmá Hawi, Ìyá ńkọ́? Mo ti di aṣọ mi sínú mọ́tò láti àárọ̀. Ọ̀dọ̀ Mutiso ọ̀rẹ́ mi ni màá máa sùn títí wọ́n fi máa gbádùn. Kí wọ́n sùn sí yàrá wa, ibẹ̀ ló gbayì."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó ti di aṣọ rẹ̀. Mo ṣì lè padà lẹ́yìn irọ́ mi lákòókò yẹn, kí n sáré sọ̀kalẹ̀ lọ mú ìyá mi. Mo ro fìlà koríko tuntun tí mo rà fún Kivu.

"Màmá kọ̀," mo ní. "Wọ́n ní àwọn ò ní fi orí sábẹ́ òrùlé rẹ láéláé. Wọ́n ní tí o bá fi lè wá sọ́dọ̀ àwọn láti wá bẹ̀ wọ́n, àwọn á wọ bọ́ọ̀sì padà sílé."

Ogola jókòó. "Àgbà ni wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ta ló máa wá sùn tì wọ́n?"

"Àwọn obìnrin ìjọ ti pín in láàárín ara wọn. Má dààmú."

Ó gbà mí gbọ́. Ọkọ ọmọ rere ni, kò jẹ́ fẹsẹ̀ kan ọ̀nà ibẹ̀ láti bi ìyá ìyàwó rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá ìyàwó rere sì ni ìyá mi. Mo fi ìwà rere àwọn méjèèjì há wọn mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo yà sí ilé Béatha. Mọ́tò Nyokabi dúró níta, ó ń fun fèrè. Ìyá mi jókòó sórí àga, nítorí kò lè dùbúlẹ̀.

"Aluoch, sùn tì mí lálẹ́ òní nìkan. Mi ò gbọ́ èdè àwọn èèyàn yìí. Tí èémí mi bá há, ta ni màá pè?"

"Mo níṣẹ́ ní ìlú kejì, Màmá. Ọjọ́ Mọ́ńdè la máa rí dókítà. Ẹ ṣáà fara dà á."

"Iṣẹ́ wo ni?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

Ẹ má gbàgbé pé n kò níṣẹ́ kankan. Ó wo fìlà orí mi, ó wo ojú mi. "Ó dáa," ó ní. "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà." Níta, Nyokabi bi mí bóyá ará abúlé wa ti ń gbádùn. Mo ní ó ń gbádùn.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ní Rwanda, gbogbo ìlú ló ń jáde ṣiṣẹ́ ìlú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkọ́ ni, ṣọ́bìrì ni, ọkọ̀ kì í rìn títí iṣẹ́ á fi parí. Àwa ní tiwa jókòó sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì létí adágún, à ń dúró kí ọkọ̀ ojú omi wa lè gbéra. Wọ́n gbé sambaza dídín wá fún wa. Ẹja wẹ́wẹ́ ni, ọmọ ìyá omena. Mo fi bíà sìn ín, mo tún ní kí wọ́n mú àwo kejì wá. Mo ya fọ́tò rẹ̀.

Fóònù mi dún. Ojú Ogola ló yọ. Nyokabi já a gbà lọ́wọ́ mi.

"Ẹnjiníà! Wá wo ìyàwó rẹ, ó ti sanra láti àná!" Gbogbo wọn sún mọ́ fóònù, wọ́n ń juwọ́.

Ogola ò rẹ́rìn-ín. Ẹrẹ̀ wà lójú rẹ̀. "Nyokabi, ẹ má lọ. Ẹ gbé fóònù náà síbi tí gbogbo yín á ti gbọ́ mi." Ló bá yí fóònù tirẹ̀ padà.

Ìyá mi ló wà lórí àga mi, ní pálọ̀ mi. Ó fi ìró bo ojú rẹ̀ dé ìmú, nítorí ọkọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kún aṣọ rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Ará abúlé yín kọ́ nìyẹn?" Nyokabi ní.

"Ará abúlé wo?" ni Ogola wí. "Ìyá tó bí i nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó juwọ́ mọ́.

"Aluoch," Ogola ní, "wọ́n gbé ìyá rẹ wá bá mi nínú bárò tí a fi ń kó iyẹ̀pẹ̀. Ìyá jáde láàárọ̀ láti wá ọ̀kadà tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù, kò sí ọ̀kadà. Wọ́n jókòó sójú títì, ohun tí wọ́n ṣáà ń wí ni 'Ogola, Kenya, Ogola.' Baálẹ̀ àdúgbò ló mọ̀ mí. Inú gọ́tà ni mo wà pẹ̀lú ṣọ́bìrì nígbà tí àwọn èèyàn tì wọ́n dé. Ṣé o mọ ohun tí Ìyá kọ́kọ́ bá mi sọ? Wọ́n ní kí n má bínú. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, àwọn á jókòó síta. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí nǹkan ṣe Hawi."

"Ogola, jẹ́ kí n dé ná…"

"Mi ò ní kí o dé. Ìbéèrè ni mò ń bi ọ́. Nígbà wo ni mo ní Ìyá ò gbọdọ̀ sùn nílé mi? Sọ ọ́ níṣojú wọn."

Mo na ọwọ́ láti gba fóònù náà, Nyokabi gbé e sẹ́yìn.

"Àwọn obìnrin ìjọ tó ń sùn tì wọ́n dà? Dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo."

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ìyá mi wí lédè wa, nítorí ó gbọ́ bí ohùn Ogola ṣe le. Inú mi dùn díẹ̀, mo rò pé èmi ló ń gbèjà. Lẹ́yìn náà ló yé mi pé Ogola ló ń pè ní ọmọ mi.

Ó wá wo fóònù náà. Ó rí fìlà, ó rí bíà, ó rí àwo ẹja méjèèjì. Ó yí ojú rẹ̀ sí Ogola, ó bi í pé ṣé ọkọ̀ ọsibítù máa pẹ́.

Nígbà tí Ogola pa fóònù, mo dìde láti lọ kó ẹrù mi. Mo bẹ Nyokabi pé kí dẹ́rẹ́bà gbé mi padà sí Kigali.

"Dẹ́rẹ́bà mi á gbé ọ dé gáréèjì," ó ní. "Ọjọ́ ìbí mi la wá ṣe, a ò tíì ṣe tán." Ó ń gé èékánná rẹ̀ jẹ. "Mo pe ìyá rẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀, o sì jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá tèmi ti kú, Aluoch. Ká ní ó ṣì wà, tó fi ẹsẹ̀ tó ń ṣomi wọ pálọ̀ mi, aṣọ ìgbéyàwó mi ni ǹ bá fi nù ún. Máa lọ jàre."

Àwọn yòókù ti padà sídìí ẹja wọn.

Ọsibítù fa omi kúrò lára ìyá mi, wọ́n fún un lóògùn. Wọ́n ní ìbá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní kò jókòó sórí àga títí di Sátidé. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ilé wa ló wá, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ogola gba ọ̀dọ̀ Mutiso lọ, àárọ̀ àárọ̀ ló ń wá kí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Àwọn tí èèwọ̀ ní kí wọ́n má bára wọn sọ̀rọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ilé ìdáná.

Èmi ní tèmi, mo wẹ̀ ẹ́, mo ro ugali, òkèlè àgbàdo wa, fún un, mo fi epo pa á lẹ́sẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. "O ṣeun, màdáámù." Ìyá mi ló ń pè mí ní màdáámù.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí."

"Mi ò lókun ẹ̀," ó ní. "Jọ̀wọ́, bá mi ti fèrèsé yẹn."

Ogola fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e lọ sílé nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ogola ní kò sí àyè nínú mọ́tò. Mọ́tò elérò méje ni.

Kò lé mi o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. A ṣì jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ lọ yẹ fèrèsé wò. Nyokabi ò pè mí síbì kankan mọ́, ọ̀rọ̀ mi sì ti di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mu tíì ní gbogbo ilé ọmọ Kẹ́ńyà tó wà ní Kigali.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkèèrè, tí ẹ ń ka èyí lórí àga rọ̀gbọ̀kú, ẹ má fi àṣà bojú ṣìkà. Àwọn àgbà fi àyè sílẹ̀ nínú èèwọ̀ fún aláìsàn. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu mi. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbàdúrà fún mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kó dárí jì mí ti lọ.

Kí òjò tó dá lọ́dún náà ni ìyá mi kú. Ogola ni Odera pè, kò pè mí.

A dé abúlé, wọ́n ti ta àtíbàbà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké. Mo jókòó síwájú, níbi tí àwọn ọmọ olóògbé ń jókòó sí. Odera ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọkùnrin tó ń darí ètò mú ìwé kan, ó ní bí Màmá Domitila ṣe ní kí wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ òun nìyí.

"Odera, dìde kí wọ́n rí ọ." Odera dìde.

"Ogola, dìde."

Àwọn àgbà kùn. Ẹ̀yìn pátápátá, láàárín àwọn àna, ni ọkọ ọmọ máa ń jókòó níbi òkú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ogola náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó bú sẹ́kún, Odera sì fà á mọ́ra.

Mo ti gbá etí aṣọ mi mú, mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Ọkùnrin náà yí ojú ìwé.

"Ìyàwó Ogola náà wà níbí, a kí yín káàbọ̀, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ sí ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn àna, àga ọmọ olóògbé lẹ jókòó lé yẹn."

Gbogbo ojú wà lára mi. Ogola ò yíjú padà. Mo gbé báàgì mi, mo rìn láàárín èrò dé ẹ̀yìn.

Ìyá àgbà kan sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Òórùn omena wà lára rẹ̀. Ó ní òun àti Domitila ni wọ́n jọ ń sá ẹja, pé ìgbà tí òun fi dé etí omi náà, àwọn ọmọ Domitila ti tú ká. Kò mọ̀ mí rí.

"Ọkọ rẹ ṣe ọmọ fún obìnrin yìí o," ó ní. "Ọlọ́run á san án fún yín. Ìyá tìrẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

Mo ní wọ́n ti kú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi. "Ṣé o wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n lọ?"